Ta Ni Yóò Ṣe Iṣẹ́ Tó Kù? Ìtàn Kámẹ́rà Onífíìmù àti Kámẹ́rà Díjítà

Ní ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá, màámi ní kí n bá àwọn fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú rẹ̀ ni mo ti rí agolo bisikíìtì kan tó ti dípẹtà létí. Mo rò pé abẹ́rẹ́ àti òwú ló wà níbẹ̀, bó ṣe máa ń rí nílé gbogbo wa. Mo ṣí i, kì í ṣe òwú. Négétíìfù ni, ọ̀já fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kì sínú ọ̀rá. Mo fa ọ̀kan yọ, mo gbé e sókè sójú fèrèsé. Obìnrin kan jókòó sórí àga onígi, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, gèlè orí rẹ̀ dúdú bí èédú, nítorí pé òdìkejì ni négétíìfù máa ń fi nǹkan hàn. Mi ò dá a mọ̀. Màámi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní, "Ìyá bàbá rẹ mà nìyẹn. Bàbá rẹ ló yà wọ́n lọ́dún 1996, ọdún tí mo wọlé wọn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Kí Màmá Àgbà tó papò dà, èmi náà ya fótò wọn. Fóònù ni mo fi yà wọ́n: ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀gúsí, ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ibi tí wọ́n ti sùn lórí ẹní tí wọn kò mọ̀ pé mo ń wo àwọn. Àwọn fótò yẹn pọ̀ débi pé mi ò kà wọ́n rí. Lọ́jọ́ kan ní gáréèjì, ẹnì kan yọ fóònù náà lápò mi, gbogbo wọn sì bá a lọ. Mi ò tọ́jú ẹ̀dà kankan síbòmíràn. Bàbá mi ya mẹ́rin péré, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì wà nínú agolo.

Àwa tí a fẹ́ràn fótò yíyà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jiyàn lórí kámẹ́rà onífíìmù àti ti díjítà. Èwo ni àwòrán rẹ̀ dára jù? Èwo ló ń náni lówó jù? A ti jiyàn yìí títí ilẹ̀ fi mọ́ rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti rí agolo yẹn, ìbéèrè mìíràn ló wà lọ́kàn mi, nígbà tí mo sì lọ ka ìtàn kámẹ́rà, mo rí i pé ìbéèrè náà ti pẹ́ nílẹ̀: lẹ́yìn tí a bá tẹ bọ́tìnnì tán, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ tó kù?

Akọ̀wé báńkì tí ẹrù sú

Lọ́dún 1839 ni wọ́n kéde fáyé ọ̀nà tí Louis Daguerre, ará Faransé, ń gbà ya àwòrán sórí bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Àwòrán náà mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò ní négétíìfù tí wọ́n lè fi tẹ òmíràn. Ní àkókò kan náà, William Henry Fox Talbot ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ya tirẹ̀ sórí ìwé. Àwòrán ti Talbot a kọ́kọ́ jáde ní òdìkejì, funfun á di dúdú, dúdú á di funfun, wọ́n á wá fi ìyẹn tẹ iye ẹ̀dà tó bá wù wọ́n. Ibẹ̀ ni ìran négétíìfù inú agolo wa ti ṣẹ̀ wá.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, fótò yíyà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Orí gíláàsì ni wọ́n ń yà á sí. Ayàwòrán ní láti po oògùn, kó fi ra gíláàsì, kó yà á kó tó gbẹ, kó sì fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ya àwòrán lóko tàbí lójú ọ̀nà, àfi kó ru àgọ́ òkùnkùn dání. George Eastman, akọ̀wé báńkì kan ní ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó sì tètè sú u. Ó ń ṣiṣẹ́ báńkì lọ́sàn-án, ó ń po oògùn ní ilé ìdáná ìyá rẹ̀ lálẹ́, títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì tó ṣeé lò ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí fíìmù tó ṣeé ká.

Lọ́dún 1888 ló gbé kámẹ́rà Kodak jáde. Dọ́là 25 ni wọ́n ń tà á, fíìmù tó lè gba àwòrán 100 sì ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó rà á bá ti ya 100 náà tán, kì í ṣí kámẹ́rà rárá. Odidi kámẹ́rà ni yóò fi ránṣẹ́ sí Rochester pẹ̀lú dọ́là 10. Ilé-iṣẹ́ yóò fọ fíìmù, wọn yóò tẹ àwòrán, wọn yóò ki fíìmù tuntun sínú kámẹ́rà, wọn yóò sì dá a padà fún un. Ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ni pé kí oníbàárà sáà ti tẹ bọ́tìnnì, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn.

Ẹ má fojú kéré ìpolówó yẹn. Òun ló bí àwa tí à ń yàwòrán kìkì nítorí pé ó wù wá. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó ya àwòrán ló sábà máa ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ náà pín sí méjì. Adùn títẹ bọ́tìnnì di ti oníbàárà, òórùn oògùn àti jíjókòó nínú òkùnkùn di ti ilé-iṣẹ́, owó sì wà nínú apá kejì yẹn. Nígbà tó di 1900, Kodak gbé Brownie jáde, àpótí páálí kékeré tí wọ́n ń ta ní dọ́là 1 péré, tí wọ́n sì ń polówó rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Wọn kò retí èrè ńlá lórí páálí. Fíìmù tí ọmọ náà yóò máa rà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ní 1925, Leica jáde ní Jámánì. Kámẹ́rà tó ṣeé kì sápò ni, fíìmù sinimá tó fẹ̀ ní mílímítà 35 ló sì ń lò. Fíìmù kan, àwòrán 36. Irú fíìmù yẹn ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń yàwòrán fún ìgbádùn títí di òní, irú rẹ̀ náà ló sì wà nínú agolo bàbá mi.

Brownie kan ní 1950

Nínú àwọn ayàwòrán tí orílẹ̀-èdè wa fi ń yangàn, J.D. 'Okhai Ojeikere wà lára àwọn tó gbayì jù. Ọmọ ilẹ̀ Ẹdó ni, a bí i ní 1930. Ní 1950, ó ra Brownie D kan tí kò tilẹ̀ ní iná, ó sì ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kọ́ òun. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú, ẹnì kan tó mọ díẹ̀, àti ìfẹ́ ọkàn. Ní 1954 ó ríṣẹ́ gbà ní Iléeṣẹ́ Ètò Ìròyìn ní Ìbàdàn, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán, bí kò ṣe olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ tó kù yẹn ló gbà wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣiṣẹ́ fún tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, kó tó lọ sí Èkó ní 1963.

Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì obìnrin, láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, ní dúdú àti funfun, títí àwòrán náà fi sún mọ́ 1,000. Àwọn kan nínú wọn ń jẹ́ orúkọ tí ìyá wa mọ̀, irú bí onílé gogoro. Irun tí wọ́n dì lónìí kì í pẹ́ kí wọ́n tó tú u. Ojeikere mọ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi ń yà á nìyẹn, ó sì ń tọ́jú négétíìfù rẹ̀. Ó papò dà ní 2014. Àwọn obìnrin yẹn ti dàgbà, àwọn mìíràn ti lọ, irun orí wọn ṣì wà bí wọ́n ṣe dì í.

Ohun kan tún wà tí négétíìfù ṣe fún wa nílẹ̀ Yorùbá tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Stephen Sprague, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, lọ wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn òbí a gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ oní-fótò. Oní-fótò a yà á lẹ́ẹ̀kan, a wá fi négétíìfù kan náà tẹ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, ọmọ méjì a sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí èyí tó kú bá jẹ́ obìnrin tí èyí tó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á múra fún un bí ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, bí obìnrin lẹ́ẹ̀kan. A ti mọ ère ìbejì tipẹ́. Oní-fótò Ìlá kàn fi fíìmù ṣe ohun tí agbẹ́gilére ti ń fi igi ṣe. Ẹ sì rí i, kì í ṣe nígbà títẹ bọ́tìnnì ni iṣẹ́ yẹn parí, inú yàrá òkùnkùn ló ti ṣẹlẹ̀.

Fíìmù kò rí gbogbo wa bákan náà

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń kì fíìmù ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ẹ jẹ́ ká sọ òmíràn. Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ gbòde, àwọn tó ń tẹ àwòrán nílò àpẹẹrẹ kan tí wọn yóò máa fi wọn àwọ̀. Káàdì ni Kodak ń fi ránṣẹ́ sí wọn, tí àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun wà lórí rẹ̀. Káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ jókòó fún un. Bí awọ ara Shirley bá ti jáde dáadáa, a jẹ́ pé ẹ̀rọ wà létò nìyẹn. Awọ ara tiwa ńkọ́? Bí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun bá dúró pọ̀ nínú fótò kan, ó lè jẹ́ ẹyin ojú àti eyín nìkan la ó rí nínú ojú aláwọ̀ dúdú.

Lorna Roth, onímọ̀ kan ní Kánádà, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹjọ́ àwọn oníṣòwò wà lára ohun tó mú kí Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe. Àwọn tó ń ta àga sọ pé igi oríṣiríṣi ń jáde ní àwọ̀ kan náà, àwọn tó ń ta ṣokoléètì náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe káàdì tó ní obìnrin aláwọ̀ oríṣiríṣi. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àwọ̀ fíìmù àtijọ́ ni àwọ̀ tòótọ́, ẹ bi í léèrè pé tòótọ́ ta ni.

Ọdún 1975

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Kì í ṣe ọ̀tá Kodak ló kọ́kọ́ ṣe kámẹ́rà díjítà. Kodak fúnra rẹ̀ ni, ní Rochester kan náà. Lọ́dún 1975, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Steven Sasson mú lẹ́ńsì kámẹ́rà sinimá kékeré kan, ó so ó mọ́ sẹ́ńsọ̀ tuntun kan tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, ó fi bátìrì 16 sí i, ó sì ń kó àwòrán náà pamọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn òbí wa fi ń gbọ́ orin. Gbogbo rẹ̀ wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 3.6. Àwòrán dúdú àti funfun ni, ó ní àmì 100 níbùú, 100 lóòró. Ìṣẹ́jú àáyá 23 ló ń gbà kí àwòrán kan tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì fi ń wò ó.

Kodak gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ náà ní 1978. Ní 1976 pàápàá, òṣìṣẹ́ wọn mìíràn, Bryce Bayer, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bí wọ́n ṣe lè to àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sórí sẹ́ńsọ̀ kí ó lè mọ àwọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ kámẹ́rà díjítà àti fóònù tó wà lápò wa lónìí ló ń lo ètò Bayer yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kò yọ̀ mọ́ ọn. Sasson fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé ohun tí wọ́n ń bi òun ni pé ta ni yóò fẹ́ máa wo fótò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ó rọrùn láti fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí owó wọn wà láti 1888: nínú fíìmù, oògùn àti ìwé, nínú iṣẹ́ tó kù. Kámẹ́rà Sasson kò ní iṣẹ́ tó kù tí ẹnikẹ́ni lè san owó fún. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fọ̀, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ dá padà. Ta ni nínú wa tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa?

Àwọn mìíràn bá wọn tì í pa. Ní 1991, Kodak gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n so mọ́ kámẹ́rà Nikon F3, mẹgapíksẹ́lì 1.3, àwọn oníròyìn ni wọ́n ń tà á fún, owó rẹ̀ sì tó ra mọ́tò. Ní 1995, Casio gbé QV-10 jáde, tó ní ojú kékeré lẹ́yìn tí èèyàn fi lè rí ohun tó yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lójú tèmi, ojú kékeré yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà fún àwa tí à ń ṣe é fún ìgbádùn, ju iye píksẹ́lì lọ. Nikon D1 tẹ̀ lé e ní 1999. Ní 2003, Canon ta EOS 300D, mẹgapíksẹ́lì 6.3, tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, ní owó tí kò tó dọ́là 1,000. Látìgbà náà, ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ náà lè ra kámẹ́rà díjítà gidi.

Ní 2006, Nikon dáwọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ kámẹ́rà onífíìmù rẹ̀ dúró. Ní 2009, Kodak kéde pé àwọn kò ní ṣe Kodachrome mọ́, fíìmù aláwọ̀ tó ti wà láti 1935, tí àwọn olórin méjì, Leopold Mannes àti Leopold Godowsky, jọ ṣe. Ibi tó gbẹ̀yìn tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ láyé, ìsọ̀ kan ní ìlú Parsons ní ìpínlẹ̀ Kansas, kò gba òmíràn mọ́ lẹ́yìn òpin ọdún 2010. Ní oṣù kìíní 2012, Kodak sá di òfin, ó ní gbèsè ti wọ òun lọ́rùn.

Nílé wa níbí, àwọn tó rántí yóò rántí ayàwòrán òde àríyá. Yóò yà yín níbi tí ẹ ti ń jó, yóò sáré lọ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tó jẹun tán yóò ti padà dé, yóò tẹ́ fótò sílẹ̀ bí ẹni ń ta ìwé, ẹ ó sì rí ara yín níbẹ̀ pẹ̀lú ẹran lẹ́nu. Ẹ lè bínú, ṣùgbọ́n ẹ ó rà á. Fóònù ti gba púpọ̀ nínú ọjà rẹ̀. A kò rà mọ́, nítorí pé gbogbo wa ti di oní-fótò.

Ibi tí iṣẹ́ náà lọ

Ohun tí mo wá rí nínú ìtàn yìí ni pé díjítà kò pa iṣẹ́ tó kù. Ó gbé e fún wa ni, kò sì sọ fún wa. Nígbà ayé fíìmù, bí ẹ bá ti gba fótò yín àti négétíìfù nínú àpòòwé, agolo bisikíìtì tó. Lónìí, a óò yan èyí tó dára nínú 400, a óò pa èyí tí kò dára rẹ́, a óò ṣe ẹ̀dà sí kọ̀ǹpútà, a óò ṣe òmíràn síbòmíràn, a óò rántí ọ̀rọ̀ aṣínà, a óò kó wọn kúrò nínú fóònù àtijọ́ kó tó kú. Ta ló ń ṣe é? Èmi kò ṣe é, ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bóyá ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi ń padà sórí fíìmù. Ní 2018, Kodak tún bẹ̀rẹ̀ sí ta Ektachrome tí wọ́n ti dá dúró. Ní 2024, Pentax gbé kámẹ́rà onífíìmù tuntun jáde, Pentax 17, tó ń pín àyè àwòrán kan sí méjì, tí fíìmù alá-36 fi ń gba 72. Ọgbọ́n olówó kékeré ni.

Èmi náà gbìyànjú rẹ̀. Mo ra kámẹ́rà onífíìmù àlòkù kan, mo sì ní kí wọ́n bá mi fi fíìmù kan ránṣẹ́ láti Èkó, torí pé ní ìlú tí mo ti ń kàwé, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ya 36 náà pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ mọ́ lóló bí omi. Kò sí àwòrán kan ṣoṣo. Ẹnu fíìmù kò wọ inú eyín tó yẹ kó fà á, fíìmù náà kò sì kúrò lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀bi mi ni. Àgbà kan tó ti ṣe oní-fótò rí ló wá kọ́ mi pé bí èèyàn bá ti fa ọwọ́ kámẹ́rà, kó máa wo kọ́bọ́ tí wọ́n fi ń ká fíìmù padà. Bí ìyẹn kò bá yí, fíìmù kò rìn. Ká ní díjítà ni, n bá ti mọ̀ kí n tó ya ìkejì.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan bá bi mí pé èwo ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀, díjítà ni n ó sọ. Ẹ ó rí àṣìṣe yín lójú ẹsẹ̀, fáìlì náà yóò sì sọ fún yín bí ẹ ṣe to kámẹ́rà nígbà tí ẹ yà á. Fíìmù ń gba owó lọ́wọ́ yín nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, owó rírà fíìmù, owó fífọ̀ àti owó títẹ̀. Díjítà ń gba èyí tó pọ̀ jù lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ẹni tí kò tíì mọ ọwọ́ méjèèjì, kí ló fẹ́ fi fíìmù 36 kọ́ tí kò ní fi 1,000 díjítà kọ́ dáadáa jù?

Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ìwà àwọn méjèèjì. Ká ní ẹ fẹ́ ya ẹni tó wọ agbádá funfun ní ọ̀sán gangan. Négétíìfù aláwọ̀ lè fara da ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù, nítorí náà ojú ẹni náà ni kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ sí, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn, agbádá yóò tọ́jú ara rẹ̀. Díjítà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí agbádá náà bá ti funfun kọjá ohun tí sẹ́ńsọ̀ lè gbà, ọ̀nà okùn àti iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè fà á padà lórí kọ̀ǹpútà. Agbádá ni kí ẹ ṣọ́, kí ẹ wá gbé ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí díjítà máa ń pa nǹkan púpọ̀ mọ́ sínú ibi tó ṣókùnkùn.

Ní ti ìtọ́jú, kò sí èyí tó jẹ́ àìkú nínú wọn. Ọ̀já méjì nínú agolo wa ti lẹ̀ mọ́ra wọn, èbu ti hù sára wọn. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kò ṣe ọ̀rẹ́ fíìmù. Ìyàtọ̀ wọn ni pé fíìmù máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa rí i, díjítà sì lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà láìkù síbì kan.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí négétíìfù yẹn, mo ya fóònù ọmọ ìyá mi, mo tan ojú rẹ̀ sí funfun báláú, mo tẹ́ ọ̀já fíìmù náà síwájú rẹ̀, mo fi fóònù tèmi yà á láti òkè, mo sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ojú Màmá Àgbà jáde, dúdú bó ṣe rí, gèlè wọn sì funfun. Fíìmù ló pa wọ́n mọ́ láti 1996, díjítà ló gbé wọn jáde láìsí yàrá òkùnkùn. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé nígboro lọ́jọ́ kejì, màámi sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a jókòó tí a yẹ gbogbo ìyókù wò. Mo mú ìwé àti bírò, màámi ń pè, mo ń kọ: ta nìyí, ọdún wo, ibo. A kọ orúkọ èèyàn mọ́kànlélógún. Ó ku obìnrin mẹ́ta kan tí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ níwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Màámi wò wọ́n títí, wọn kò dá wọn mọ̀, bàbá mi tí ì bá sọ fún wa kò sì sí mọ́. Mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ mẹ́ta lórí ìwé náà, mo ká a, mo fi sínú agolo. Bí a bá lọ fún ọdún Àjíǹde, n ó gbé àwòrán náà lọ han àwọn àgbà àdúgbò, bóyá ẹnì kan yóò mọ̀ wọ́n.